Ṣé ọmọ Sàró ni Fẹlá? Níbo ni orúkọ Ransome ti wá?

Ìbéèrè òǹkàwé kan: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ń jiyàn lórí ìran Fẹlá Kútì, olórin Afrobeat nì. Ọ̀kan nínú wọn ní ọmọ Sàró ni wọ́n, pé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ́ Ransome. Èkejì ní oyìnbó kan ló wà nínú ìran wọn, pé ohun tí Fẹlá ń sá fún nìyẹn tó fi pa orúkọ náà tì. Bàbá mi tí í ṣe ọmọ Abẹ́òkúta ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀, Ẹ̀gbá pọ́ńbélé ni wọ́n. Ohun tó jẹ́ kí n béèrè ni pé orúkọ oyìnbó ni ilé tiwa náà ń jẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè sọ bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ta ló jàre nínú wa, báwo sì ni èèyàn ṣe ń tọpa irú ìran báyìí?"

Àbúrò mi, o káre. Ìdáhùn rẹ kò le, àmọ́ ó lọ́jú pọ̀ díẹ̀. Bàbá rẹ jàre lórí Kútì. Ọ̀rẹ́ rẹ àkọ́kọ́ náà jàre pé ẹ̀jẹ̀ Sàró, ìyẹn àwọn tó padà wá láti Freetown ní Sierra Leone, wà lára Fẹlá, ṣùgbọ́n ibi tó ń nawọ́ sí kọ́ ló wà. Ẹni tó ní oyìnbó wà níbẹ̀ ni kò rí ẹsẹ̀ gbélẹ̀ rárá. Orúkọ Ransome tí gbogbo yín ń jà lé lórí, kò sí ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ibi tí Sàró gbà wọ inú ilé náà, ọ̀dọ̀ ìyá ni, lábẹ́ orúkọ tí ìyá náà kò jẹ́ mọ́ láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ. Bí ọ̀rọ̀ ìran ṣe máa ń rí nílẹ̀ wa nìyẹn: orúkọ ìdílé bàbá la máa ń tò, tí a ó sì máa fọ́n fèrè rẹ̀ kiri, ẹnu ọ̀nà tí ìtàn gbà wọlé sì lè jẹ́ ti ẹlòmíì pátápátá.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀dọ̀ bàbá. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1938 ni wọ́n bí Fẹlá ní Abẹ́òkúta, Olúfẹlá Olúṣẹ́gun Olúdọ̀tun Ransome-Kútì sì lorúkọ tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un. Bàbá rẹ̀ ni Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, tí wọ́n bí ní 1891, ọ̀gá ilé ìwé Abeokuta Grammar School láti 1932, ẹni tó tún ṣe ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà, NUT, ní 1931. Bàbá tó bí bàbá yìí ni Josiah Jesse Ransome-Kútì, àlùfáà tó ń kọrin, tí wọ́n bí ní 1855 ní Ìgbẹ́ìn, ọ̀kan nínú àwọn ìlú Ẹ̀gbá Aláké tó para pọ̀ di Abẹ́òkúta. Bàbá Josiah ni Líkóyè Kútì. Ẹni yìí kò fara mọ́ ẹ̀sìn tuntun tí àwọn míṣọ́nnárì gbé dé. Ìyàwó rẹ̀, Anne, ló wà lára àwọn Ẹ̀gbá tó kọ́kọ́ gbàgbọ́, òun ló sì fa ọmọ lé ìjọ lọ́wọ́. Títí dé Líkóyè, o ò rí Freetown, o ò rí ọkọ̀ ojú omi, o ò rí oyìnbó. Ẹ̀gbá ni. Kódà orúkọ bàbá àgbà yìí kò sọnù: ó padà wá sára ẹ̀gbọ́n Fẹlá, Olíkóyè, dókítà tó di mínísítà ètò ìlera ní 1985. Bí o bá ń wá ìran, máa ṣọ́ irú orúkọ tó bá fo ìran kan tàbí méjì kó tó tún yọjú. Ó sábà máa ń sọ òótọ́ ju orúkọ ìdílé lọ.

Ibo wá ni Ransome ti wá? Josiah fúnra rẹ̀ ló mú un, ní ìrántí míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Ransome, tó sì so ó mọ́ Kútì. Òun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò jogún rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn èèyàn òde òní kì í fẹ́ gba ìyẹn gbọ́, torí lójú tiwa, orúkọ tí èèyàn bá so mọ́ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọkọ tàbí ti bàbá. Ní Abẹ́òkúta ìgbà náà, bí wọ́n bá ti ń rì ọ́ bọmi ni orúkọ oyìnbó ń bọ̀ wá bá ọ. Ti olùkọ́ rẹ lè kàn ọ́, ti pásítọ̀ tó kọ́ ọ ní katikísìmù, ti ẹni tó sanwó ilé ìwé rẹ, tàbí ti ẹnì kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí o kò ní rí títí láé. Ọmọ CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni Josiah láti kékeré. Ilé ìwé wọn ló lọ, ìjọ wọn ló ṣiṣẹ́ fún títí tó fi dàgbà sínú oyè Canon. Ìdí tó fi mú orúkọ míṣọ́nnárì kò ṣòro lóye. Bí oyìnbó kan bá wà nínú ìran wọn lóòótọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kó ti hàn, nítorí kò sí ẹni tó jẹ́ Ransome ṣáájú rẹ̀ nínú ilé náà.

Ohun méjì mìíràn ló tún máa ń ṣi àwọn tó ń wá ọ̀rọ̀ yìí lọ́nà. Èkíní ni pé Israel Olúdọ̀tun lo ọdún bíi mélòó kan ní Freetown. Òótọ́ ni. Ilé ìwé gíga Fourah Bay College ló lọ, tó gboyè níbẹ̀ ní 1916. Ilé ìwé yẹn ti wà láti 1827, kò sì sí irú rẹ̀ ní Nàìjíríà nígbà náà. Ọ̀pọ̀ àlùfáà àti olùkọ́ ilẹ̀ wa ló gba ibẹ̀ kọjá. Bí o bá rí orúkọ Ransome-Kútì nínú ìwé kan ní Sàró, akẹ́kọ̀ọ́ lo rí, o kò rí ọmọ bíbí ibẹ̀. Èkejì ni àwo orin. Ní 1922, Josiah lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ilé iṣẹ́ Zonophone sì gba orin ẹ̀mí 43 sílẹ̀ láti ẹnu rẹ̀ ní èdè Yorùbá. Àwọn kan ti rí fọ́tò rẹ̀ nínú aṣọ àlùfáà, wọ́n sì ti parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀: "Àbí ẹ ò rí i pé oyìnbó dúdú ni?" Ẹ gbọ́ orin náà kẹ́ ẹ tó sọ bẹ́ẹ̀. Ohùn Ẹ̀gbá ló fi ń kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá kọjá sí ọ̀dọ̀ ìyá, níbi tí ẹran wà. Ọmọ Thomas ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì kó tó wọlé ọkọ ní 1925. Frances Abigail Olúfúnmiláyọ̀ Thomas ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i ní Abẹ́òkúta ní oṣù kẹwàá ọdún 1900. Ìgbà tó ń kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín 1919 sí 1922, ló pa Frances àti Abigail tì, tó ní Fúnmiláyọ̀ ni kí wọ́n máa pe òun. (Ẹni tó bá rò pé Fẹlá ló kọ́kọ́ jù orúkọ oyìnbó dànù nínú ilé náà, ó yẹ kó ka ìtàn ìyá rẹ̀.) Bàbá rẹ̀ ni Olóyè Daniel Thomas, àgbẹ̀ àti oníṣòwò epo, ara ìdílé Jìbólú-Táíwò ní Abẹ́òkúta. Ìyá rẹ̀ ni Lucretia Phyllis Ọmọ́yẹni, aránṣọ, ọmọ Isaac Adéosolú. Bàbá Daniel ni Ebenezer Ṣóbọ̀wálé Thomas, Freetown ni wọ́n sì bí i sí. Ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ ń wá nìyẹn. Ìyàwó Ebenezer, tí í ṣe ìyá Daniel, ń jẹ́ Abigail Fákẹ́mi, Iléṣà ni wọ́n bí òun sí. Ó ṣeé ṣe kí o ti rí i pé Abigail náà ni wọ́n fún ọmọ ọmọ rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ Lucretia, Abẹ́òkúta ni bàbá rẹ̀ ti wá, àmọ́ Harriet ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Adébóyè, ọmọ Ilé-Ifẹ̀.

Jókòó kà wọ́n. Àwọn mẹ́jọ ló bí àwọn òbí àgbà Fẹlá. Nínú mẹ́jọ yẹn, Freetown ni wọ́n bí ọ̀kan ṣoṣo sí. Ọ̀kan wá láti Iléṣà, ọ̀kan jẹ́ ọmọ bàbá tó wá láti Ifẹ̀, Ẹ̀gbá sì ló gba ibi tó pọ̀ jù nínú ìyókù. Bí o bá ń bi mí bóyá àdàlù ni ìran Fẹlá, bẹ́ẹ̀ ni, àdàlù ni. Yorùbá pẹ̀lú Yorùbá ló dàlù, àwọn tí ogun àti òwò ẹrú tú ká, tí Abẹ́òkúta sì tún kó jọ. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀jẹ̀ òkè òkun nínú ilé náà, kó sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ: Fẹ́mi, tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, Rẹ̀mílẹ́kún Taylor ni ìyá rẹ̀, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ Nàìjíríà àti ti Gẹ̀ẹ́sì pàdé lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Fẹ́mi nìyẹn, kì í ṣe ti Fẹlá.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Sàró, nítorí ibẹ̀ ni àṣìgbọ́ tó tóbi jù wà. Ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ ọ́ bíi pé ẹ̀yà kan ni, tí èèyàn kò lè jẹ́ Sàró kó tún jẹ́ Ẹ̀gbá. Ní 1807 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú. Láti 1808 ni ọkọ̀ ojú omi wọn ti ń mú ọkọ̀ ẹrú lójú òkun, tí wọ́n ń kó àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown láti tú wọn sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún lé ju 80,000 lọ, Yorùbá sì pọ̀ gan-an nínú wọn torí àkókò yẹn gan-an ni Ọ̀yọ́ ń wó, tí ogun ń jó ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Akú ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Àwọn ọmọ wọn kàwé, wọ́n di oníṣòwò, káfíńtà, télọ̀, olùkọ́. Nígbà tó di 1839, àwọn kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wọkọ̀ padà wá sí Àgbádárìgì, láti ibẹ̀ wọ́n rìn dé Abẹ́òkúta. Àwọn wọ̀nyí là ń pè ní Sàró. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe àlejò. Ilé ni wọ́n ń bọ̀. Sarah Táíwò, ìyá àgbà kan ní ọ̀dọ̀ bàbá Fúnmiláyọ̀, wà lára àwọn tí oníṣòwò ẹrú kó lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, òun náà sì padà wá bá àwọn ẹbí rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀gbá ni ẹ ó pè é ni àbí Sàró? Ìran méjì lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ẹni tó ń bi ara rẹ̀ ní irú ìbéèrè yẹn mọ́ nínú ilé.

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tí ojú máa ń fò. Bí a bá ní ẹnì kan "padà sí Abẹ́òkúta" lẹ́yìn oko ẹrú, ká má ṣe tètè gbà pé Abẹ́òkúta ni wọ́n ti gbé e. Nǹkan bí 1830 ni Ṣódẹkẹ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ. Ẹni tí wọ́n kó ṣáájú ìgbà yẹn, inú ọ̀kan nínú àwọn ìlú Ẹ̀gbá tó wà nínú igbó ni wọ́n ti mú un, àwọn ìlú tí ogun ti run kó tó padà dé. Ó dé, ìlú rẹ̀ kò sí mọ́, àmọ́ àwọn ará ìlú náà wà ní Abẹ́òkúta, wọ́n ti kó orúkọ ìlú náà dání wá sọ àdúgbò. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther kì í tiẹ̀ ṣe Ẹ̀gbá. Ní Òṣogùn ni wọ́n ti kó o ní 1821. Ní Abẹ́òkúta ló ti rí ìyá rẹ̀, Àfàlá, ní 1846, lẹ́yìn ọdún 25. Nítorí náà, bí àwọn àgbà ilé rẹ bá ní "Abẹ́òkúta ni a ti wá", béèrè lẹ́ẹ̀kejì: Abẹ́òkúta níbo? Aké ni, Ìgbẹ́ìn ni, Ìtòkú ni, Òwu ni, Gbágùrá ni? Orúkọ àdúgbò yẹn ni orúkọ ìlú tó ṣáájú. Ẹni tó bá dáhùn pé àdúgbò àwọn Sàró ni, bi í pé kí wọ́n tó lọ sí Sàró ńkọ́.

Wàyí o, orúkọ Thomas. Èmi kì í lo orúkọ bẹ́ẹ̀ láti so ilé méjì pọ̀, mo sì gbà ọ́ nímọ̀ràn kí ìwọ náà má lò ó. Ní Freetown, bíi ká ní wọ́n ń pín aṣọ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń pín orúkọ. Thomas, Williams, Johnson, Davies, Cole: ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí kò tan mọ́ ara wọn rárá ló ń jẹ́ ẹ. Nínú ilé ìwé CMS, olóore kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá ń dá owó pọ́n-ùn márùn-ún lọ́dún fún ọmọ kan láǹfààní láti yan orúkọ tí ọmọ náà yóò máa jẹ́. Ti Crowther fúnra rẹ̀, orúkọ pásítọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni, tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹnì kan bá kọ̀wé sí mi pé òun ti rí Thomas kan ní Jamaica tàbí ní Wales, pé ó jọ pé ẹbí àwọn ni. Ohun tó wúlò nínú "Ebenezer Ṣóbọ̀wálé Thomas" ni Ṣóbọ̀wálé. Orúkọ àárín tí àwọn òbí rẹ̀ kò jẹ́ kó sọnù ní ilẹ̀ àjèjì ló ń sọ ibi tí wọ́n ti wá, ṣó tó wà níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì ń pe Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú lórúkọ fún ẹni tó bá ní etí.

Ìwé wà o, a kò lè sọ pé kò sí. Nígbà tí wọ́n bá tú àwọn ẹrú sílẹ̀ ní Freetown, akọ̀wé ìjọba a kọ wọ́n sínú rẹ́jísítà lọ́kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà, orúkọ, akọ tàbí abo, ọjọ́ orí tí ojú rẹ̀ fi hàn, gíga rẹ̀, àti ilà tàbí àpá ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn rẹ́jísítà yìí ṣì wà ní ilé ìkówèésí ìjọba ní Freetown, wọ́n sì ti ya àwòrán púpọ̀ nínú wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ Yorùbá lo máa rí níbẹ̀, bí etí akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ṣe gbọ́ ọ, tí Táíwò lè di ohun tí ìyá Táíwò kò ní dá mọ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọjọ́ tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ yẹn, orúkọ oyìnbó sì dé lẹ́yìn, nínú ìwé ìrìbọmi, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sí okùn tó so ìwé méjèèjì pọ̀. Mélòó ni Táíwò obìnrin tó gba Freetown kọjá? O lè rí ọgbọ̀n, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì jọ ẹni tí o ń wá. Ibi tí mo máa ń dá àwọn èèyàn dúró nìyẹn. Ẹni tó bá ní òun ti rí Sarah Táíwò gan-an nínú rẹ́jísítà, kó mú ohun tó fi so orúkọ méjèèjì pọ̀ jáde.

Ní Abẹ́òkúta, ìwé ìjọ ni olórí: ìrìbọmi, ìgbéyàwó, ìsìnkú. Wọ́n ti dá iṣẹ́ CMS sílẹ̀ níbẹ̀ láti 1846, àwọn míṣọ́nnárì sì ń kọ lẹ́tà àti ìwé ìrántí ránṣẹ́ sílé, tí wọ́n ń dárúkọ àwọn tó gbàgbọ́, tí wọ́n ń sọ ẹni tí bàbá rẹ̀ lé jáde àti ẹni tí ọkọ rẹ̀ nà. Ilé ìkówèésí yunifásítì Birmingham ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà lónìí. Iwe Irohin náà wà, ìwé ìròyìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní 1859. Ṣùgbọ́n Ifọ́lé dá ihò sínú gbogbo rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1867, wọ́n lé àwọn oyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta, wọ́n fọ́ ilé ìsìn, wọ́n kó ohun tó wà níbẹ̀. Bí o bá dé ìjọ kan tí wọ́n sọ fún ọ pé ìwé àwọn kò kọjá àkókò kan, má bá akọ̀wé ìjọ jà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti ṣòfò kí bàbá bàbá rẹ̀ tó dáyé.

Níbi tí ìwé bá dákẹ́, oríkì ń sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ka oríkì sí ohun tí ìyá àgbà fi ń wú èèyàn lórí láàárọ̀. Fún ẹni tó ń tọpa ìran, oríkì orílẹ̀ ni ẹ̀rí tó le jù. Àwọn tó ń padà bọ̀ láti Sàró lè gbàgbé ọ̀nà oko, wọ́n lè gbàgbé orúkọ ọba, àmọ́ ìyá tó bá ti kọ́ ọmọ rẹ̀ ní "ọmọ" kan báyìí, ọmọ náà a kọ́ ọmọ tirẹ̀. Mo ti bá ilé pàdé tó ń jẹ́ orúkọ oyìnbó méjì pa pọ̀, tí wọ́n ń lọ sí ìjọ Áńgílíkà láti ìran kẹrin, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ ìlú tí wọ́n ti wá; ìyá arúgbó kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kì wọ́n báyìí, oríkì Ìjẹ̀ṣà ló jáde. Èèwọ̀ ilé náà ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ohun tí ẹ kì í jẹ, ẹran tí ẹ kì í pa, ọjọ́ tí ẹ kì í lọ sóko, béèrè wọn kí o tó béèrè ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni. Oríkì náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ: ó ń sọ orílẹ̀, kò sọ ẹni. Kò lè sọ fún ọ bóyá ọmọ àkọ́bí ni bàbá ńlá rẹ tàbí ìwọ̀fà tó jókòó pẹ́ nínú ilé títí wọ́n fi ń kì í pẹ̀lú wọn. Àwọn ìdílé kan kò fẹ́ kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà àti ẹrú sókè títí dòní. Bí o bá kan irú ògiri bẹ́ẹ̀, fi sùúrù dúró, má fi ipá wó o.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí a kò kàn fi itọ́ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò DNA. Ẹni tó bá lówó, kó ṣe é, àmọ́ kó mọ ohun tó ń rà. Àyẹ̀wò yẹn lè sọ fún ọ pé oyìnbó wà nínú ìran rẹ láìpẹ́ yìí tàbí kò sí, ìyẹn á parí iyàn ọ̀rẹ́ rẹ kejì kíákíá. Kò lè ya Ẹ̀gbá sọ́tọ̀ kúrò lára Ìjẹ̀ṣà. "Nàìjíríà" ló máa kọ, tàbí "Benin àti Togo", tí wàá sì máa wo ara rẹ nínú díńgí. Apá tó ń tẹ̀ lé bàbá dé bàbá, tàbí ìyá dé ìyá, kì í sì í kan àwọn tó wà láàárín. Wo ti Fẹlá: ọ̀nà bàbá dé bàbá ń lọ tààrà sọ́dọ̀ Líkóyè Kútì, ọ̀nà ìyá dé ìyá ń lọ sọ́dọ̀ Harriet ọmọ Adébóyè àti ìyá tó bí i. Freetown kò sí lójú ọ̀nà méjèèjì. Ọ̀dọ̀ bàbá ìyá ni Ebenezer wà, ìdá kan nínú mẹ́jọ péré ló sì jẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ Fẹlá. Èèyàn lè ṣe àyẹ̀wò méjèèjì kó sì parí rẹ̀ sí pé kò sí Sàró nínú ilé náà rí. Ibi kan tí mo ti rí i tó ṣe ilé láǹfààní ni nígbà tó bá fi ìbátan hàn ọ́: ẹnì kan ní Freetown, ní Bàhíà ní Brazil tàbí ní Amẹ́ríkà tí ẹ̀jẹ̀ yín pàdé. Ìyẹn sì ń béèrè pé kí ẹni náà ti ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀ kó sì fẹ́ dá ọ lóhùn.

O tún béèrè bóyá Fẹlá ń sá fún nǹkan nígbà tó yọ Ransome kúrò. Ní àárín àwọn ọdún 1970 ló fi Aníkúlápó rọ́pò rẹ̀, tó ní orúkọ ẹrú ni Ransome lójú òun. Lórí ìyẹn, èmi kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ tán, pẹ̀lú gbogbo ìfẹ́ tí mo ní sí orin rẹ̀. Josiah kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ mú orúkọ náà. Bí orúkọ kan bá wà nínú ìran yẹn tó jáde láti inú oko ẹrú, Thomas ti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni, kò sì sẹ́ni tó ń kọrin lé ìyẹn lórí. Bẹ́ẹ̀ sì ni pé òun kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ní 1894 ni David Brown Vincent, oníwàásù Onítẹ̀bọmi ní Èkó, ti sọ ara rẹ̀ di Mọ́jọlá Agbébí. Fún wa tó ń wá ìran, ìṣòro tí irú ìyípadà yìí ń dá sílẹ̀ ni pé ọmọ ìyá kan náà ń jẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò Fẹlá kò tẹ̀ lé e, Ransome-Kútì ni wọ́n jẹ́ títí. Wọlé Ṣóyínká tún wà níbẹ̀, tí ìyá ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Josiah, tí orúkọ rẹ̀ kò sì fi hàn rárá pé ó bá wọn tan.

Ó ku ti ilé rẹ. Má bẹ̀rẹ̀ láti Freetown, ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣì wà láàyè ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Lọ bá obìnrin tó dàgbà jù nínú ẹbí ṣáájú ọkùnrin tó dàgbà jù. Àwọn obìnrin ló mọ ilé tí ìyá kọ̀ọ̀kan ti wá, àwọn ọkùnrin á máa ka oyè fún ọ. Gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù, jẹ́ kó kì ọ́ tán kí o tó bi í ní ohunkóhun, má sì dá a dúró láti bi í ní ìtumọ̀. Kó gbogbo ìwé ètò ìsìnkú tó wà nínú ilé jọ, torí ìtàn ìgbésí ayé tó máa ń wà nínú wọn sábà máa ń dárúkọ àwọn òbí àgbà tí kò sí níbòmíì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó kọ ọ́ máa ń fi iyọ̀ sí i. Ka òkúta ibojì tó wà nínú ọgbà ilé àti ti ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o lọ sí ìjọ tí bàbá bàbá rẹ ń lọ, ní àárín ọ̀sẹ̀, kì í ṣe lọ́jọ́ Ìsinmi tí ọwọ́ gbogbo wọn dí. Mú lẹ́tà dání láti ọ̀dọ̀ àgbà kan nínú ẹbí tó fi hàn pé o kì í ṣe àlejò. Béèrè ìwé ìrìbọmi, kí o sì máa wo orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọmọ. Tọ́ọ̀ṣì ni kí o mú lọ, nítorí yàrá tí wọ́n ń kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí kì í sábà ní iná. Gba àṣẹ kí o tó ya fọ́tò ohunkóhun. Bí o bá ti rí orúkọ Yorùbá tí bàbá ńlá rẹ ń jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti oyìnbó yẹn, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú oríkì tí ìyá àgbà kì fún ọ, a ó jọ wò ó.